Kilarinẹ́ẹ̀tì B♭, A, C, E♭ àbí Sax: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Rà, Kí Ló Sì Dé Tí C Wọn Ò Fi Jọ C Kíbọ́ọ̀dù?

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin máa ń bi mí jù nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra kilarinẹ́ẹ̀tì, èwo ni kí n rà?" Wọ́n á wá fi fọ́tò fèrè náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo ẹ̀ dúdú, irin fàdákà wà lára gbogbo ẹ̀, ọ̀kan kúrú díẹ̀, ọ̀kan gùn díẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì ti kọ "B♭" tàbí "A" sábẹ́ ẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó fẹ́ rà á ò mọ̀, owó sì ti ń jáde lápò. Lẹ́tà kékeré yẹn ló máa sọ bóyá ẹ̀yin àti kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì yín á jọ máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ àbí ẹ ó máa bá ara yín jà ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Èmi náà ò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa fọn ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin wà ní kíì F, mo wo nóòtì àkọ́kọ́ nínú ìwé orin, F ni, mo tẹ F lórí kilarinẹ́ẹ̀tì B♭ mi, mo fi gbogbo èémí mi fọn ọ́n. E♭ ló jáde. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ F tí kíbọ́ọ̀dù ń tẹ̀, gbogbo àwọn sopránò ló yíjú wò mí. Bàbá ọ̀gá akọrin wa ò bínú. Lẹ́yìn ìsìn wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n kọ G sórí F, wọ́n kọ A sórí G, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìlà àkọ́kọ́ fi parí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fèrè ẹ ò bàjẹ́ o, ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù ló ń gbé, ìwọ ni kó o máa fi ìṣísẹ̀ kan gbé e sókè." Ìwé orin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, pẹ́ńsù yẹn ò tíì parẹ́.

Ohun tí lẹ́tà yẹn ń sọ

Ẹ jẹ́ ká fi ìlù tiwa wò ó. Tí ẹni tó gbé gángan bá ń fi ìlù sọ oríkì, tí ẹni tó gbé ìyáàlù náà sì ń sọ oríkì kan náà, ibi tí ọ̀kan ti fún ọsán kí ohùn lè ròkè ni èkejì náà ti máa fún un, ibi tí ọ̀kan ti dẹ̀ ẹ́ ni èkejì máa ti dẹ̀ ẹ́. Ohùn gángan ga, ti ìyáàlù wálẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá gbọ́ ìlù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnu àwa náà bẹ́ẹ̀ ni: ọmọ ọdún márùn-ún sọ pé "ọkọ̀", bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún sọ pé "ọkọ̀", ohùn wọn jìnnà síra wọn gan-an, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko níbẹ̀, torí bí ohùn kan ṣe ga ju èkejì lọ là ń tẹ́tí sí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ò kàn wá. Ẹni tó bá ti ń sọ Yorùbá láti kékeré ti mọ transpose, ìyẹn kéèyàn gbé orin kan náà lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kó tó mọ orúkọ ẹ̀.

Bí kilarinẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn. Ìdílé kan ni wọ́n, ìka kan náà la fi ń tẹ gbogbo wọn, ara tó gùn lohùn ẹ̀ ń wálẹ̀, èyí tó kúrú lohùn ẹ̀ ń ròkè. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára ni orúkọ ohun tí kíbọ́ọ̀dù máa gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ C. Ẹ tẹ C lórí kilarinẹ́ẹ̀tì B♭, B♭ ló máa dún, ìṣísẹ̀ kan sísàlẹ̀, bíi kéèyàn bọ́ láti re sí dò. Ẹ tẹ C lórí ti A, A ló máa dún, ìṣísẹ̀ kan ààbọ̀ sísàlẹ̀. Ti C ò yí nǹkan kan pa dà. Ti E♭ tó jẹ́ ọmọ kékeré inú wọn, òkè ló ń lọ ní tiẹ̀, ìṣísẹ̀ kan ààbọ̀.

Àwọn oníkíbọ́ọ̀dù wa mọ bọ́tìnnì transpose dáadáa, àwọn míì kì í tiẹ̀ kúrò lórí C, tí akọrin bá ti bẹ̀rẹ̀ níbi tó wù ú wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ sókè tẹ̀ ẹ́ sódò títí á fi bára mu. Ẹ rò ó báyìí pé kilarinẹ́ẹ̀tì B♭ jẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tẹ transpose ẹ̀ sí −2 (nọ́ńbà kan jẹ́ ìdajì ìṣísẹ̀) láti ilé iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè yí i pa dà mọ́. Ti A wà ní −3. Ti E♭ wà ní +3. Ti C wà ní òdo. Bass kilarinẹ́ẹ̀tì wà ní −14, torí ó tún fi odindi ọ́kítéèfù kan wà nísàlẹ̀ B♭. Alto sax wà ní −9, tenor sax ní −14, tùrọ́mpẹ́ẹ̀tì B♭ ní −2 bíi tiwa, fúlúùtì àti óbò ní òdo. Tẹ́ ẹ bá mọ nọ́ńbà yẹn sórí, ẹ ti kúrò níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn há sí. Ohun kan ló kù, ẹ jọ̀ọ́, tí oníkíbọ́ọ̀dù bá ní "C ni mo wà", ẹ kọ́kọ́ bi í pé transpose ẹ̀ wà níbo, torí tí transpose bá wà ní +3, C tó ń tẹ̀ ti di E♭ létí gbogbo èèyàn, F sì ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé B♭ dání máa lò.

B♭ àbí A àbí C

Iṣẹ́ B♭ ni pé kẹ́ ẹ fi ìṣísẹ̀ kan kún kíì tí kíbọ́ọ̀dù wà. Kíbọ́ọ̀dù wà ní F, ẹ̀yin wà ní G, ṣáàpù (♯) kan péré. Kíbọ́ọ̀dù wà ní B♭, ẹ̀yin wà ní C, ọwọ́ mọ́. E♭ di F, A♭ di B♭, gbogbo ìwọ̀nyí rọrùn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn onítùrọ́mpẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn láti wà, ìdí nìyẹn tí B♭ fi ń bá ẹgbẹ́ oníbíráàsì rìn láìsí wàhálà. Ibi tó ti ń le ni tí onígìtá bá wọlé tó ní E lòun fẹ́, E di F♯, ṣáàpù mẹ́fà ló délé yẹn, A náà di B, ṣáàpù márùn-ún. Kì í ṣe pé kò ṣe é fọn, ó ṣe é fọn, mo ń fọn ọ́n, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa làágùn níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni kilarinẹ́ẹ̀tì A ti wúlò. Kíbọ́ọ̀dù wà ní E, A á wà ní G, ṣáàpù kan. Kíbọ́ọ̀dù wà ní A, á wà ní C. Ó wá yí bìrí tí kíbọ́ọ̀dù bá lọ sí B♭, ẹni tó gbé A dání máa bọ́ sí D♭, fúláàtì (♭) márùn-ún. Ẹ rí i pé ọ̀kan fẹ́ràn ṣáàpù, èkejì fẹ́ràn fúláàtì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin onísinfóní fi máa ń gbé méjèèjì sínú àpótí kan, wọ́n á yọ ẹnu fèrè lára ọ̀kan wọ́n á kì í bọ èkejì láàárín orin, torí ẹnu kan náà ló bá àwọn méjèèjì mu. Kónsátò (orin ńlá fún fèrè kan àti ẹgbẹ́ onísinfóní) tí Mozart kọ lọ́dún 1791 fún Anton Stadler tó ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì, A ni wọ́n fi ń ṣe é títí dòní. Tẹ́ ò bá sí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tẹ́ ò sì ń múra ìdánwò ńlá, ẹ má ra A ṣáájú. Mo mọ èèyàn tó rà á torí owó ẹ̀ kéré sí B♭ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo ìwé ìkọ́ni tó ní ló jẹ́ ti B♭, kò sí ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ tó wà ní −3, òun nìkan ló dá dúró síbẹ̀.

Ẹ lè wá bi mí pé àwọn tó ṣe é níbẹ̀rẹ̀, ṣé wọn ò lè ṣe ẹyọ kan kí wàhálà tán ni? Ọ̀rọ̀ irin ni. Johann Christoph Denner ní ìlú Nuremberg ní Jámánì ni wọ́n sọ pé ó ṣe àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1700, irin méjì péré ló wà lára ẹ̀ nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní kíì bíi mélòó kan, ìka ò ní mọ ibi tó ń lọ mọ́. Ohun tó rọrùn ni kí wọ́n ṣe òmíràn tó gùn tàbí tó kúrú, kí ìka dúró níbi tó mọ̀. Ìgbà tí Iwan Müller gbé onírin mẹ́tàlá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1800 sókè, tí Klosé tó jẹ́ afọnfèrè àti Buffet tó ń ṣe fèrè sì jọ ṣe èyí tí à ń lò báyìí ní Paris láàárín 1839 sí 1843, B♭ kan ṣoṣo ti lè wọ gbogbo kíì. Àmọ́ orin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún A àti C ò parẹ́, ohùn A náà sì dùn lọ́nà tiẹ̀, ó rọ̀ díẹ̀, ó dúdú díẹ̀, àwọn èèyàn ò fẹ́ pàdánù ẹ̀.

Ti C ńkọ́? Òun lẹni tó bá ń ka ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì máa kọ́kọ́ fẹ́, torí ohun tó wà nínú ìwé náà lẹ máa fọn, kò sí pẹ́ńsù, kò sí ìṣirò. Mi ò bá ẹni tó ní in jà, fún ọmọdé pàápàá ó fúyẹ́, ihò ẹ̀ sún mọ́ra, ìka kékeré á bò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é ò pọ̀, ohùn ẹ̀ máa ń tínrín ju B♭ lọ, ìwé ìkọ́ni, olùkọ́, ìwé orin ẹgbẹ́ ológun àti ti ọlọ́pàá, gbogbo ẹ̀ ló wà ní B♭. Èmi ò ní rà á fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan tẹ́ ẹ ń sá fún yẹn, oṣù mẹ́ta lẹ máa fi bá a jà, lẹ́yìn ìyẹn ojú yín á máa rí F, ìka yín á ti wà lórí G láìrò ó.

E♭ àti bass, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. E♭ kéré, ohùn ẹ̀ ń gún etí, àṣìṣe ohùn kékeré báyìí gbogbo èèyàn á gbọ́ ọ. Bass dùn, ó dùn gan-an ni, ohùn ẹ̀ máa ń wọ̀ mí lára, àmọ́ owó ẹ̀ kì í ṣe owó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fèrè tó kù

Ẹ gbé fúlúùtì, óbò àti kilarinẹ́ẹ̀tì B♭ sórí tábìlì kan. Gígùn wọn fẹ́ẹ̀ẹ́ dọ́gba, gbogbo wọn wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65 sí 67. Ẹ wá fọn nóòtì ìsàlẹ̀ pátápátá lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fúlúùtì tó wọ́pọ̀ ò kọjá C àárín dùùrù, ìgbọ̀n bíi 262 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Óbò wọ B♭ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Kilarinẹ́ẹ̀tì dé D, ìgbọ̀n 147, ó ku díẹ̀ kó tó odindi ọ́kítéèfù kan nísàlẹ̀ fúlúùtì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mi ò gbà, àfi ìgbà tí mo wọ̀n wọ́n fúnra mi.

Ohun tó fà á ni pé inú kilarinẹ́ẹ̀tì rí gbọọrọ bíi páìpù omi, òkè àti ìsàlẹ̀ fẹ̀ bákan náà títí dé itòsí ẹnu ìsàlẹ̀, ibi tí rííìdì, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè, wà sì ń ṣe bí ibi tí wọ́n dí pa. Fúlúùtì náà rí gbọọrọ àmọ́ méjèèjì ẹ̀ ló ṣí. Óbò àti sax rí bí àrọ tí a fi ń rọ kẹrosíìnì, ó tínrín lókè ó fẹ̀ nísàlẹ̀. Páìpù tó ṣí ní ìdí kan ṣoṣo máa ń mú kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ rìn jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí ohùn fi wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú igi kékeré.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín o. Lórí sax tàbí óbò, tẹ́ ẹ bá tẹ irin òkè, dò ìsàlẹ̀ á di dò òkè, ìka ò kúrò níbi tó wà, orúkọ nóòtì ò yí pa dà. Lórí kilarinẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àtàńpàkò òsì àti ìka mẹ́ta tó tẹ̀ lé e bo ihò, C ni, ẹ wá fi àtàńpàkò kan náà tẹ irin tó wà lẹ́yìn, kò ní dún ní C òkè, ó máa fò ó kọjá lọ sórí G. Dò di sọ. Ìyẹn ni pé orúkọ méjì ni ìka kan ń jẹ́, ti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè, méjèèjì lẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́. Oníṣax ò ní ìṣòro yẹn, ó fi ọ̀kan ṣe méjì.

Àárín ìsàlẹ̀ àti òkè yẹn ni afárá kan wà tó ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù. Lórí nóòtì A àti B♭ ibẹ̀, ìka yín fẹ́ẹ̀ẹ́ wà lófuurufú pátá, nóòtì tó kàn, ìyẹn B, ń fẹ́ kí ìka mẹ́jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹran orí ìka bo ihò kọ̀ọ̀kan láìku ibì kan. Tí ìka kan bá yẹ̀ bíi fọ́nrán irun, fèrè á ké bí ọmọ adìyẹ. Ohun tó gbà mí ni pé mi ò gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò, kódà tí mo bá ń fọn A tí kò nílò ẹ̀, mo ti fi ìka ọ̀tún bo ihò sílẹ̀ dè é, kó jẹ́ pé ti òsì nìkan ló kù láti bò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gún.

Nítorí náà, sax àbí kilarinẹ́ẹ̀tì? Mo mọ̀ pé sax ló wà létí wa, láti ayé highlife títí dé ọ̀dọ̀ Fela, ohùn ẹ̀ le, ìlù àti gìtá ò lè bò ó. Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ń fọn níta ni tiyín, tẹ́ ẹ sì fẹ́ dún láàárín oṣù mélòó kan, ẹ ra alto sax, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n −9 ẹ̀ yẹn, ẹ rò ó: kíbọ́ọ̀dù wà ní C, alto wà ní A, ṣáàpù mẹ́ta; kíbọ́ọ̀dù wà ní G, alto wà ní E, ṣáàpù mẹ́rin, nígbà tí B♭ wà ní A, mẹ́ta péré. Kilarinẹ́ẹ̀tì ní ju ọ́kítéèfù mẹ́ta àtààbọ̀ lọ, sax wà ní nǹkan bíi méjì àtààbọ̀. Ohun tí mo sì ti rí lójú mi ni pé ẹni tó bá ti ibi kilarinẹ́ẹ̀tì lọ síbi sax kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá ti ibi sax wá síbi kilarinẹ́ẹ̀tì máa ń bínú fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Fúlúùtì dára fún ẹni tó fẹ́ ka ìwé orin bó ṣe wà, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ rọ̀ jẹ́jẹ́, tí ìlù bá ti wọlé ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́. Óbò àti basúùnù, rííìdì méjì tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n fi ń fọn wọ́n, wọ́n wọ́n, rííìdì wọn náà wọ́n, tí kò bá sí olùkọ́ nítòsí yín, ẹ má dán an wò.

Ooru, ọyẹ́, àti tọ́kúnbọ̀

Kíbọ́ọ̀dù wà lórí A 440, ìyẹn ìgbọ̀n 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún nóòtì A, kò ní kúrò níbẹ̀. Kilarinẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀ ń tẹ̀ lé ojú ọjọ́: tí ooru bá mú, ohùn á gòkè, tí ẹ bá gbé e jáde látinú gbọ̀ngán tí AC ti ń fẹ́, ohùn á ti wálẹ̀. Ẹ ní kí oníkíbọ́ọ̀dù tẹ B♭, ẹ̀yin ẹ fọn C, tí tiyín bá ga jù, ẹ fa bárẹ́ẹ̀lì, ègé kékeré tó wà lábẹ́ ẹnu fèrè, jáde bíi mìlímítà kan. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó ni pé ẹ lè fà á jáde kó wálẹ̀, àmọ́ tó bá ti wọlé tán, kò sí ibi tó tún lè wọ̀ mọ́ kó tó gòkè, àfi kẹ́ ẹ wá bárẹ́ẹ̀lì tó kúrú.

Igi tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó dáa jù ni igi dúdú tí wọ́n ń pè ní mpingo, Tanzania àti Mozambique ló ti ń wá jù. Ó dùn, àmọ́ nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó lè là. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó ra onírọ́bà líle, ohun tó máa fọn fún ọdún méjì àkọ́kọ́ ò ní yàtọ̀ létí ẹnikẹ́ni.

Tọ́kúnbọ̀ náà dáa, àmọ́ ẹ la ojú. Àwọn àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wà tí wọ́n lu HP (high pitch, ohùn gíga) sí lára, ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é fún ìgbà tí A wà ní nǹkan bíi 452 sí 457, kò sí bẹ́ẹ ṣe fẹ́ fà á tó máa bá kíbọ́ọ̀dù mu dáadáa. Ẹ ka irin ara ẹ̀ náà: ti ìsinsìnyí tó wọ́pọ̀ ní irin mẹ́tàdínlógún àti òrùka mẹ́fà. Tó bá wá láti Jámánì tí ẹ rí lẹ́tà B lára ẹ̀, B♭ ló ń sọ, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹni tó ń tà á ò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ ṣí tuner, áàpù tó ń sọ orúkọ nóòtì tó ń dún, lórí fóònù yín, ẹ so fèrè náà pọ̀, ẹ kọ́kọ́ fọn ún fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó móoru. Lẹ́yìn náà ẹ fi àtàńpàkò òsì àti ìka mẹ́ta bo ihò, ẹ má tẹ irin ẹ̀yìn, ẹ fọn ún jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ sì wo fóònù. Tó bá kọ B♭, òun lẹ̀ ń wá. Tó bá kọ A, tàbí E♭, tàbí C, ẹ ti mọ orúkọ ẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá dúró sáàárín B♭ àti B tí kò fẹ́ lọ síbì kankan, HP lẹ gbé dání yẹn, ẹ dá a pa dà fún un.